Àga Tó Wà Ní Ìkáwọ́ Ọlọ́pàá

Àga ló bà mí jẹ́. Kì í ṣe owó, kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe ọtí. Tí àwọn èèyàn bá jókòó, tí wọ́n ń sọ pé owó oṣù ọlọ́pàá kéré, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn gùn, mo kàn máa ń gbọ́ wọn ni. Owó oṣù tèmi ti kéré láti ọjọ́ tí mo ti wọ aṣọ ìjọba, síbẹ̀ mi ò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni fún odindi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìdí káńtà ni iṣẹ́ mi. Tẹ́ ẹ bá wọ àgọ́ wa, èmi lẹ máa kọ́kọ́ rí, èmi lẹ máa ro ẹjọ́ yín fún, èmi náà ni màá kọ ọ́ sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni mí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá Káńtà ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn olè tó ti di oníbàárà wa. Ohun tí ìjọba fún mi láti jókòó lé ni àpótí onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, páálí náà rún, mo ká òmíràn. Wákàtí mẹ́wàá ni mo ń lò lórí àpótí yìí lójúmọ́, tí màá máa mì síwá mì sẹ́yìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo kọ lẹ́tà sí olú-iléeṣẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àga. Lẹ́tà méje ni mo kọ láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n dáhùn: wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Mo béèrè fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní ó ti tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí àga náà wọlé.

Ẹjọ́ ọmọ ìyá méjì ni. Bàbá wọn kú, ó fi àga ìrọ̀gbọ̀kú kan sílẹ̀, aláwọ pupa, tó ní ibi tí wọ́n ń gbé apá lé lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga débi tí orí èèyàn lè fara tì. Ọmọ bàbá náà obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló tọ́jú bàbá títí ó fi kú, ilé rẹ̀ sì ni àga náà wà. Lọ́jọ́ kan tí nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó fi irin já ilẹ̀kùn, ó gbé àga lọ. Ó ní òun ni àkọ́bí, pé àga bàbá, ti àkọ́bí ni. Nọ́ọ̀sì wá fẹjọ́ sùn. A lọ mú ẹ̀gbọ́n, a gbé àga mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì a fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ kó máa lọ sílé de ìgbẹ́jọ́. Àga la fi sí àtìmọ́lé, nítorí òun ni ẹ̀rí.

Yàrá tá à ń kó ẹ̀rí sí wà lẹ́yìn káńtà gan-an, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nígbà yẹn. Òfin sọ pé ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde, àfi tí kóòtù bá ní ká mú un wá. Iṣẹ́ mi sì ni láti kọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe rí: ṣé ó dáa, ṣé ó bàjẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àga dáa tí mi ò bá jókòó lé e? Mo jókòó lé e. Mo kọ ọ́ pé ó dáa. Mo tún jókòó díẹ̀ sí i, kó lè dá mi lójú.

Ẹ̀yìn mi tó ti ń ké láti ọdún pípẹ́ wá dákẹ́. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú yàrá ẹ̀rí ni mo ti ń lọ jókòó tó bá di ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ kejì mo rí i pé tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, tí mo fa àga náà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo lè máa ṣọ́ káńtà láti ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àga ti dé ìdí káńtà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kóòtù náà ò sì ràn wá lọ́wọ́, wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú ṣáá ni. Lónìí ara adájọ́ ò yá, lọ́la agbẹjọ́rò ti rìnrìn àjò. Ó di ọdún méjì gbáko.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni o. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá wa kọ́kọ́ bá mi lórí àga náà, mo dìde wéré. Ó wò mí, ó wo àga. Ó ní, "Bàbá Káńtà, ṣé kò sí fáànù nínú yàrá yẹn?" Mo ní ó wà, sà, mẹ́ta tí wọ́n jí gbé nílé ìwé kan. Ó ní kí n bá òun gbé ọ̀kan wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ wa, tá à ń pè ní Ayára, mú rédíò kan. Kẹ́tùlù tá a gbà lọ́wọ́ gbájúẹ̀ kan la fi ń se omi tíì fún gbogbo àgọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí fáànù ẹlẹ́jọ́ ń fẹ́ sí lára ò lè ní kí n dìde lórí àga ẹlẹ́jọ́. Èmi náà ò lè bi Ayára nípa rédíò. Nígbà tí Ayára wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tó ju rédíò lọ lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò, mo mọ̀, Ọ̀gá náà mọ̀, àmọ́ ẹnu wo la fẹ́ fi sọ ọ́? Gbogbo wa la jọ ń mu tíì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá fún wa. Kò tíì pé ọdún kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá tán, aṣọ rẹ̀ gún régé, ó sì máa ń gbá ilẹ̀ ibi tó bá fẹ́ dúró sí. Olú-iléeṣẹ́ ní káńtà àti yàrá ẹ̀rí ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́, torí náà òun ni Ọ̀gá ní kó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tá a fi sọ ọ́ ní Ìwé Òfin.

Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó wá dúró níwájú mi tòun ti ìwé ńlá tá a kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rí sí.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde díẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àga yín ni mo fẹ́ kà."

Mo dìde. Ó yí àga padà, ó rí bébà tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ ọn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó fàmì sínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wá a. Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?"

"Tí ẹ̀yìn mi bá san."

"Ìgbà wo ló máa san?"

"Bi olú-iléeṣẹ́."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gá. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ Ọ̀gá pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun pa fáànù, kí òun lè ka ohun tó wà ní ìdí rẹ̀.

Kò tíì dọ̀sán tí Ọ̀gá fi pè mí wọlé, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ yìí máa pa wá."

"Kì í ṣe ọmọ burúkú, sà."

"Ta ló ní ó burú? Mo ní ó máa pa wá. Wá nǹkan kan nínú yàrá yẹn tó máa wù ú. Nǹkan kékeré ni o. Tó bá ti lè mú un báyìí, ó ti di tiwa."

Mo gba iṣẹ́ náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Mo ti sọ ọmọ tuntun mẹ́fà di ọmọ ilé ṣáájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó lò ju oṣù kan lọ. Abẹ ìfárùngbọ̀n ló mú ọ̀kan. Kálámù lásán ló mú ọ̀kan, kálámù tó ń kọ búlúù tó tún ń kọ pupa. Ohun tí èèyàn bá mú ò ṣe pàtàkì, kó ṣáà ti mú un lójú wa.

Òjò ni mo kọ́kọ́ fi dẹ ẹ́. Òjò ńlá kan sú lọ́jọ́ kan nígbà tá a fẹ́ ṣíwọ́, mo sì sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, agboòrùn márùn-ún ló wà nínú yàrá rẹ. Mú ọ̀kan, tó o bá dé lọ́la kó o gbé e padà."

"Èyí tá a gbà lọ́wọ́ oníjìbìtì kan yẹn ni, bàbá?"

"Agboòrùn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ oníjìbìtì."

"Ẹ ṣé, sà. Òjò ò ní yọ́ mi."

Ó kó sínú òjò. Lọ́jọ́ kejì ó ń sín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó bá sì ti sín báyìí, Ọ̀gá á yọ orí sí mi láti inú ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fi òtútù ránṣẹ́ sí i.

Mo tún gbìyànjú. Bàtà rẹ̀ òsì ya níwájú, ó la ẹnu bí ẹja. A ní ogójì bàtà tuntun tá a gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù òfin kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì ṣe é wẹ́kú. Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó jáde, mo wá ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó rí i, ó gbé e padà síbi tó wà. Nígbà tó lọ jẹun, mo yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Bàtà nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún rìn jáde láago mẹ́wàá. Ó padà wálé láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sọ ibi tó lọ." Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ tirẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ lọ. Tíì wa náà, kò mu ún. Omi tirẹ̀ ló ń gbé wá nínú ìgò.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i. Ẹni tí kò bá yín jẹ, tí kò bá yín mu, tó tún wá ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láràárọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dunni wọra. Ká ní ó ń bú wa ni, à bá mọ ohun tá a máa ṣe fún un.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, ó gbé tìmùtìmù kékeré kan wá bá mi, tí wọ́n fi aṣọ àlòkù rán, tó sì mọ́ tónítóní.

"Màmá mi ló rán an, sà. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dun bàbá kan níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fi sórí àpótí yín, kẹ́ ẹ sì fẹ̀yìn ti ògiri."

Mo gbà á. Mo dúpẹ́ títí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, àgbàlagbà bíi tèmi. Nígbà tó lọ tán, mo gbé tìmùtìmù náà sórí àga ẹlẹ́jọ́, mo jókòó lé méjèèjì. Ó padà wá, ó bá mi bẹ́ẹ̀, ó kàn mi orí ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí mo bí. Mo lọ sọ fún Ọ̀gá pé apá mi ò ká a, kó wá ẹlòmíràn rán.

Oṣù méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí kóòtù dá ẹjọ́ ọmọ ìyá méjì náà. Nọ́ọ̀sì ló jàre. Adájọ́ ní ká gbé àga fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ilé lọ pẹ̀lú ìbínú, nígbà tí kò sì rí àbúrò rẹ̀ bá jà mọ́, ó yí sí àwa. Ó kọ̀wé sí olú-iléeṣẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun wá fọwọ́ sí ìwé ní àgọ́ wa, òun fojú ara òun rí ọlọ́pàá àgbàlagbà kan tó sùn fọnfọn sórí àga bàbá òun, tó ń hanrun. Òótọ́ ló sọ. Mo máa ń hanrun.

Olú-iléeṣẹ́ tí kò rí àga fún mi fún ọdún mẹ́rin, láàárín ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n rí alábẹ̀wò rán.

Ọ̀rọ̀ náà ò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Tí wọ́n bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n máa lé mi ni, owó ìfẹ̀yìntì mi á sì wọlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó ku oṣù méjì. Èmi àti ìyàwó mi á máa wo ara wa lójú.

Ọ̀gá ní ká dá gbogbo nǹkan padà sínú yàrá. A kó fáànù, a kó rédíò, a fọ kẹ́tùlù, a nu àga. Òógùn bo Ọ̀gá látòkè délẹ̀ nítorí fáànù ti lọ. Ó tún pè mí wọlé.

"Ìwé Òfin ló ni kọ́kọ́rọ́. Tí alábẹ̀wò bá béèrè, a máa sọ pé òun ló gbé àga jáde tó ní kó o jókòó. Ọmọdé ni, wọ́n kàn máa gbé e lọ síbòmíràn ni. Ìwọ, wọ́n máa gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, sà?"

"Kò ṣẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Oṣù mẹ́jọ ló fi rí ẹ níbẹ̀. Ṣé ó kọ lẹ́tà sí olú-iléeṣẹ́?"

Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Òótọ́ ni. Gbogbo ohun tó rí ló kọ sínú ìwé rẹ̀, kò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sókè. Nítorí ẹ̀yìn mi ni.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ sọ òótọ́. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè.

"Òótọ́ wo?"

"Pé mo jókòó."

"Ọgbọ̀n ọdún lo fi dúró fún wọn, wọn ò kọ ìyẹn síbì kankan. Ọjọ́ tó o jókòó ni wọ́n fẹ́ kọ."

"Wọ́n fẹ́ dì í ru ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ rán tìmùtìmù fún mi."

Ó ká aṣọ méjì sí i kó tó fèsì. Ó ní, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí n lọ sọ ọ́, kí n sì gbé èwù mi wá kí òun lọ̀ ọ́, nítorí òun ò fẹ́ kí wọ́n fi èwù rírún lé ọkọ òun.

Alábẹ̀wò dé láago mẹ́wàá, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò ojú. Ó tò wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rí. Àga wà láàárín yàrá, ó ń dán. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi tò láti òru, gbólóhùn mẹ́ta péré ni: èmi ni, èmi nìkan ni, ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi.

"Ìwọ lo ni yàrá yìí?" Ọmọbìnrin náà ni alábẹ̀wò ń bi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo gbé ẹsẹ̀ síwájú. Mo la ẹnu. Mo ní, "Sà, èmi."

Ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà. "Àga yìí ò tíì jáde níbí láti ọjọ́ tí mo ti dé, sà. Ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, sà."

"Ìwé rẹ dà?"

Ó gbé e fún un. Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, mo mọ iye ìgbà tí orúkọ mi wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí alábẹ̀wò ṣí i, mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn, ìwé tuntun ni. Ọmọ náà ti da oṣù mẹ́jọ kọ láti òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti fi kálámù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ọ́ kó má bàa jọ iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó sì ti ká etí àwọn ojú ewé kan kó lè gbó. Èmi tí mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, mi ò bá tí rántí ìyẹn.

Alábẹ̀wò yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ fẹ́ sọ nǹkan kan."

Ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá sọ òótọ́ nígbà yẹn, èmi kọ́ ni mo máa kó sí wàhálà mọ́. Òun ni òpùrọ́, òun ni ẹni tó yí ìwé ìjọba padà. Ẹ̀wọ̀n ni ìyẹn.

"Mo fẹ́ kí yín káàbọ̀ ni, sà."

"Ẹ ṣé."

Ó wá ibi tó máa jókòó sí kọ̀wé. Wọ́n gbé àpótí mi fún un. Ó jókòó, àpótí mì, páálí yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó fa àga pupa sún mọ́ tábìlì, ó jókòó sórí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó sì kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò jókòó sórí rẹ̀ rí. Ó ní àga náà dáa o, pé olú-iléeṣẹ́ ò ní irú ẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, inú àgọ́ wa ń dùn bí ọjọ́ tí wọ́n gba ìgbéga. Ọ̀gá bọ ọmọ náà lọ́wọ́, Ayára ń pè é ní àbúrò. Èmi lọ bá a nínú yàrá ẹ̀rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn bàtà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń sunkún.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ohun tí Ọ̀gá sọ fún yín, bàbá. Mo sì rí i pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Mi ò lè máa wò kí wọ́n lé yín nítorí ẹ̀yìn ríro."

Mo fọwọ́ lé e lórí. Inú mi dùn pé mo bọ́, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn.

Ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì wá gbé àga rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ wá. Ìwé Òfin fún un ní ìwé tó máa fọwọ́ sí, ó fọwọ́ sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ níwájú àga, ó na ọwọ́ sí ibi ìjókòó rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ó jìn díẹ̀, ó sì fì sápá òsì.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ibi tí bàbá mi máa ń jókòó sí nìyí. Ara wọn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi jà nìyẹn, àwọn èèyàn rò pé àga ni mò ń wá."

Ó ń fi ọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa orí aláìsàn.

"Mi ò kíyè sí i rí pé apá òsì ni wọ́n máa ń fì sí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú wọn o, mi ò rí i."

Apá ọ̀tún ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Apá òsì ni mo máa ń fì sí. Àmì ìdí mi ni obìnrin náà ń fọwọ́ pa, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, mi ò tan yín, kí n tó wá ro ó dáadáa. Nǹkan tó ṣẹ́kù lára bàbá ẹni, mo ti jókòó lé e títí ó fi pa rẹ́, ó sì tún ń dúpẹ́ fún èyí tó bá níbẹ̀.

Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ì bá parí síbẹ̀. Ìwé Òfin ló sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe wọlé náà nìyẹn, mà. A ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fara kàn án, ká má bàa ba ibi tí bàbá jókòó sí jẹ́."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ náà ò gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe àmín.

Wọ́n gbé àga sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Èmi àti ọmọ náà nìkan ló kù nídìí káńtà.

"Ọmọ mi, kò bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé?"

"Inú wọn ṣáà dùn, bàbá. Àbí ẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ìdí yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ọkàn wá, ó sì gba ẹ̀yìn káńtà lọ dá ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóhùn. Mo fẹ́ pè é padà. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bá a wí, mi ò rí ọ̀kan tí ẹnu mi yẹ láti sọ. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó ń fi sùúrù sọ fún un pé rédíò rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa.